Ohun Tí Ìpíndọ́gba Fi Pa Mọ́ Fún Mi

Ìyá kan tó ń dín garí lójú ọ̀nà Aramọkọ ló sọ fún mi pé iná mi ń mí. Ọdún 2014 ni. Nígbà náà, mo ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀kọ́ iná àti afẹ́fẹ́. Mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nídìí rẹ̀, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ọmọ tí mo kọ́ náà ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá yìí kò bá mi jiyàn. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú ẹnu ààrò tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ fún wọn, ó dúró bẹ́ẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, uná yín yìí ń mí o. Tó bá mí sínú, ó dáa. Tó bá mí síta, ojú mi ló ń mí sí."

Uná ni àwa Èkìtì ń pe iná, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá, gbogbo iná ló ń mí." Òótọ́ ni mo sọ o. Ṣùgbọ́n irú òótọ́ tí èèyàn fi ń bo ìtìjú mọ́lẹ̀ ni.

Àwọn obìnrin mẹ́fà ló ń dín garí lábẹ́ páànù yẹn. Igi ni wọ́n ń dá, àgbadà wọn fẹ̀, okúta ló gbé e dúró, èéfín á sì gba gbogbo abẹ́ páànù kan. Ẹni tó bá ti jókòó ti garí rí mọ irú ojú pupa tí mò ń wí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020 nìkan. Èmi tí mo ka ìwé iná, ojú ń tì mí láti máa wakọ̀ kọjá níwájú wọn. La bá fi bíríkì amọ̀ mọ ààrò, a ṣe ẹnu fún un níwájú, a fi páìpù irin mítà 2 ṣe ọ̀nà èéfín lẹ́yìn. Ní láàbù, ààrò náà kò lẹ́bi kankan. Igi tó ń jẹ kéré sí ti olókùúta mẹ́ta. Ooru rẹ̀ dúró ṣinṣin. Nígbà tí a ya gíráàfù rẹ̀, ìlà náà tẹ́jú bí títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí nígbà tí ìdìbò ku oṣù kan. Mo fi gíráàfù yẹn han ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ó wá di abẹ́ páànù, ojú ìyá arúgbó ń ṣomi.

Mo wakọ̀ padà sí Adó, inú mi kò dùn. Kì í ṣe sí ìyá náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tó pé ọgbọ̀n ọdún.

Ẹ̀ẹ̀kíní, ní Ìjerò ni. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ lọ nígbà tí wọ́n fi mí sídìí ẹwìrì. Fún ẹni tí kò bá rí ẹwìrì rí: àpò awọ méjì ni, igi kọ̀ọ̀kan dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èèyàn á máa tẹ ọ̀kan bọlẹ̀ bó ṣe ń fa èkejì sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà dá lẹ́nu ihò tó lọ sídìí èédú. Apá ọmọdé ni, ó máa ń rò mí. Bàbá kì í wojú ẹwìrì. Irin tó wà nínú iná ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ mi bá ti fà sẹ́yìn báyìí, etí wọn á ti gbé e. "Má jẹ̀ẹ́ kó sinmi." Wọn kò sọ pé kí n fẹ́ ẹ kó pọ̀ o. Kí n má jẹ̀ẹ́ kó sinmi ni. Bí ẹ bá kó gbogbo afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan jọ, tí ẹ fi wákàtí pín in, mo dá a lójú pé yóò tó. Irin kò gba àpapọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí ló mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìlú Ọba ni. Ọdún 1986, ọdún tí ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, ni mo kọjá sọ́hùn-ún lọ kàwé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá ni iṣẹ́ tí Osborne Reynolds ṣe ní Manchester ní 1883. Ó jẹ́ kí omi aró tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ṣàn láàárín omi mímọ́ nínú ọ̀pá gíláàsì gígùn. Tí omi bá ń lọ jẹ́jẹ́, aró náà á nà bí òwú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá mú kí omi yára sí i, á dé ibì kan tí òwú náà á dédé já, á fọ́n ká, gbogbo gíláàsì á sì di aláró. Reynolds rí i pé kì í ṣe eré omi nìkan ló ń sọ ibi tí yóò ti já: ẹ fi bí ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó sọ eré náà di púpọ̀, ẹ wá fi bí omi ṣe ki tó pín in. Nínú ọ̀pá, tí nọ́ńbà yẹn bá ti kọjá bíi 2,000 àti díẹ̀, kí ẹ máa retí ìjọ̀gbọ̀n.

Ìjọ̀gbọ̀n yẹn ni òyìnbó ń pè ní turbulence. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè é ní tọ́búlẹ́ǹsì. Ìrúkèrúdò ni èmi ń pè é, nítorí mo fẹ́ kí ìyá mi mọ ohun tí mo ń fi ayé mi ṣe. Ìgbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ tán, ìyá mi ní, "Wọ́n sì ń sanwó fún ọ lórí ìyẹn?"

Wáyà kan ni mo fi ń wọn ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́. Wáyà tungsten ni, kò ju ìdá 5 lọ nínú ìdá 1,000 mìlímítà kan ní nínípọn. Irun orí èèyàn ju ú lọ fíìfíì. A máa ń fi iná mànàmáná gbé e gbóná, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ kọjá lára rẹ̀ á mú un tutù, a ó sì fi iná tó ń fẹ́ kó lè padà gbóná mọ bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń sáré tó. Tí èèyàn bá sín sí i, ó ti já. Mo já mọ́kànlá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìkẹjọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí wáyà yẹn ń fi hàn lójú ẹ̀rọ ń ta bí ẹni tí òòṣà gùn. Mo wá ronú bí ọmọ tó fẹ́ káàdì tó mọ́: mo ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní average, mo kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ibì kọ̀ọ̀kan, mo pa gbogbo títa yẹn rẹ́. Nígbà tí mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá mi, ó ṣí i láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, ó ní, "Èyí tó kù dà?" Mo ní ariwo lásán ni èyí tó kù, sà. Kò bú mi. Ó pa ìwé náà dé, ó lọ mu tíì. Oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ yẹn, àtúnṣe ni gbogbo rẹ̀.

Èyí tó kù yẹn gan-an ló ń gbé ooru láti ibì kan dé ibòmíràn. Òun ló ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Reynolds fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1895 bí a ṣe lè la eré omi sí méjì, ìpíndọ́gba lápá kan, títa lápá kejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí a bá ti ṣe ìpíndọ́gba ìdọ́gba (equation) tó ń sọ bí omi ṣe ń ṣàn, ohun tuntun tí a kò mọ̀ á yọjú nínú rẹ̀. Tí a bá kọ ìdọ́gba míì fún àwọn yẹn, àwọn míì tún yọjú, wọ́n sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹni tó ń yáwó elé san gbèsè ni. A máa ń dá a dúró níbì kan, a ó sì fi ọgbọ́n orí méfò ìyókù. Ìdọ́gba tí a kò tíì pín rárá pàápàá, èyí tí wọ́n ń pè ní ti Navier àti Stokes, ń da àwọn onímọ̀ ìṣirò láàmú: láti ọdún 2000 ni iléeṣẹ́ ìmọ̀ ìṣirò Clay ní Amẹ́ríkà ti gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn bóyá ojútùú rẹ̀ kì í fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Owó náà ṣì wà níbẹ̀.

Ti iná wá burú ju ti omi lọ. Bí ooru bá fi ìwọ̀n kékeré lé sí i, eré tí epo fi ń jó lè di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́wàá. Ká ní ibì kan nínú iná ń gbóná dé 1,700 °C fún ìdajì àkókò, tó sì ń já wá sí 300 °C fún ìdajì tó kù. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 1,000 °C. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ní 1,000 °C rí, iná ibẹ̀ kò sì ní jó bí iná 1,000 °C. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni ti ọkùnrin kan tó jẹ odindi ìkòkò iyán méjì lónìí, tí kò fẹnu kan nǹkankan lọ́la. Ìpíndọ́gba ní ìkòkò kan ló ń jẹ lójúmọ́. Ẹ lọ bi ikùn rẹ̀ léèrè.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀tá ni ìrúkèrúdò. Kò sí ọkọ̀ tí ì bá rìn láìsí i. Epo àti afẹ́fẹ́ tó ti pò dáadáa, tí ara wọn balẹ̀, iná kì í rìn nínú wọn ju bí ogójì sẹ̀ǹtímítà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdá 1 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá ni pístìnì fi ń ti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti la sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin já, iná jẹ́jẹ́ yẹn nílò ìlọ́po mẹ́wàá àkókò yẹn, ká tiẹ̀ ní gáàsì gbígbóná tó ń fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń tì í síwájú ní ìlọ́po márùn-ún, pístìnì á ti lọ. Gerhard Damköhler, ará Jámánì, ló là á yé wa ní 1940. Ìrúkèrúdò ló ń ká ojú iná mọ́ra wọn bíi gèlè. Gèlè tó wà lórí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi lójú, ẹ tú u kí ẹ wo bí aṣọ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Gbogbo ojú iná tó ká yẹn ló ń jẹ epo lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo padà sílé ní 1993. Láàbù tí mo bá, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. A fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́. Mo sì rí ohun tuntun. Nínú gbogbo ohun tí wáyà mi ń gbé wá, mo rí títa kan tó ń wáyé déédéé ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yọ gedegbe láàárín àwọn yòókù. Inú mi dùn. Mo ti kọ ìdajì ìwé ìwádìí lórí rẹ̀, mo ti sọ ọ́ lórúkọ, mo ti ń ro jọ́nà tí màá fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ní ọjọ́ kan, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, bátìrì ló ń gbé ẹ̀rọ dúró, akẹ́kọ̀ọ́ kan pè mí, ó ní, "Sà, ẹ wá wo nǹkan. Ó ti lọ o." Jẹnẹrétọ̀ yẹn ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 60 pín in.

Mo fa ìwé náà ya. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, mo sì mọ rírì ìyẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní apá kejì ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi. Èyí tó kù kì í ṣe ariwo, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ìṣura. Èèyàn ní láti pa jẹnẹrétọ̀ kó tó mọ èyí tó jẹ́ ti iná.

Ẹ ó wá bi mí pé, pẹ̀lú gbogbo èyí, báwo ni mo ṣe gbé ààrò ìpíndọ́gba lọ bá àwọn ìyá yẹn? Ìbéèrè tí mo bi ara mi náà nìyẹn. Ìkógosì ni mo ti rí ìdáhùn.

Mo máa ń kó àwọn ọmọ lọ síbi ìsun omi gbígbóná Ìkógosì lọ́dọọdún, nítorí kò sí láàbù tó dà bí ibẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ nípa rẹ̀ ni pé omi gbígbóná náà tó 70 °C níbi tó ti ń sun, ó sì ti di bíi 37 °C níbi tí òun àti omi tútù ti pàdé. Àwọn àlejò á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á ya fọ́tò. Àwa a máa wọn ooru. Lọ́dún yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ti ọwọ́ bọ omi níbi ìpàdé náà, ó ní, "Ó gbóná. Ó tutù. Ó tún gbóná." Ọ̀pá ìwọn-ooru tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ wà nínú omi kan náà, kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń fi hàn, kò mì. Ọ̀pá irin ni, ó nípọn bíi bírò. Kí ooru tó wọ inú irin yẹn dé ibi wáyà tó ń wọn ooru nínú rẹ̀, omi gbígbóná ti kọjá, omi tútù ti dé, omi tútù náà ti kọjá. Ọ̀pá yẹn ti ṣe ìpíndọ́gba kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò.

Ọ̀pá yẹn náà sì ni a tì bọ inú ààrò garí.

Mo jókòó sórí àpáta. Ogún ọdún ni mo fi ń bá àwọn ọmọ jà pé kí wọ́n má pa títa rẹ́ nínú ìwé, mi ò bi irinṣẹ́ léèrè ohun tó ti pa rẹ́ kó tó fún wa ní nọ́ńbà. Ìtẹ́jú gíráàfù tí mo ń gbé kiri yẹn, irin ló tẹ́ ẹ.

A padà sí ojú ọ̀nà Aramọkọ lóṣù kẹta, ìgbà tí ìjì máa ń ṣáájú òjò. A mú wáyà tín-ín-rín tó ń wọn ooru dání, tí kò sí ọ̀pá irin tó bò ó, àti ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tí a lò tẹ́lẹ̀ ń pa ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ di nọ́ńbà kan, ó sì ti sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ abẹ́ páànù kò tó mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá. Irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ ni a ti rí àwọn tó ń já wọlé ní mítà 4, mítà 5, á fẹ́ fún bí ìgbà tí èèyàn bá kí ẹnìkejì, á dákẹ́.

Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí kan. Páìpù mítà 2 tí èéfín inú rẹ̀ gbóná tó 230 °C, agbára tó fi ń fa èéfín sókè kò ju bíi páskà 9 lọ (páskà ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti nǹkan tó). Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ ní mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá ń ti ohun tó bá kọlù ní bíi páskà 9 àti ààbọ̀. Mítà 4 o. Kì í ṣe ìjì. Èyí tó ń mi ewé ni. Bí ó bá ti kọlu ẹnu páìpù lókè báyìí, èéfín kò rí ọ̀nà lẹ́yìn mọ́, ẹnu ààrò ló ń bá jáde, ojú ìyá sì ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún fà á sókè bí ẹni pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. Iná fúnra rẹ̀ pàápàá ń mí: ìmọ̀ ti fi hàn pé iná gbalasa tó fẹ̀ tó ìdajì mítà a máa tú ìmí bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn kò yọ ìyá lẹ́nu. Ti afẹ́fẹ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n.

Mo bi í pé ibo ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà wọlé. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó nawọ́ sí apá òkè, láàárín igi kòkó méjì. "Ṣé ẹ ò bi wá léèrè kí ẹ tó mọ ọ́n ni?"

A kò bi wọ́n.

Àtúnṣe náà kò gba ọgbọ́n púpọ̀, kò tiẹ̀ yẹ lẹ́ni tí ń jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. A yí ẹnu ààrò kúrò lójú afẹ́fẹ́. A mọ ògiri kúkúrú síbi tó nawọ́ sí. A gbé páìpù ga kọjá orí páànù dáadáa, wẹ́dà kan ní Aramọkọ sì ṣe fìlà sí i lórí kí afẹ́fẹ́ má lè wọ inú rẹ̀ tààrà. Mo kọ ìwé ìwádìí lórí rẹ̀, jọ́nà kan dá a padà, wọ́n ní kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Mi ò lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn òjò ọdún yẹn mo yà níbẹ̀ láti ra garí. Ìyá wà nídìí àgbadà, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń ro ó. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Uná wa ńkọ́?" Ó gbé igbá sílẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu ààrò, ó fi í síbẹ̀ títí, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná.

"Ó ṣì ń mí o," ó ní. "Kò mí sí mi lójú mọ́ ni. Kóńgò mélòó lẹ fẹ́?"